Bí A Ṣe Ń Dán Alùpùpù Tuntun Wò, Tí A sì Ń Tò Ó Mọ́ Ọ̀nà Òkè Ilẹ̀ Ọ̀kun

Alùpùpù tí ẹ rà ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀, lọ́dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Kogí, kì í sábà wọ ìlú lódindi. Inú férémù irin àti páálí ló máa ń wà: táyà iwájú lọ́tọ̀, ọwọ́ lọ́tọ̀, bátìrì lọ́tọ̀. Ọmọ ìsọ̀ ló ń tò ó pọ̀, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bó ṣe ń de nọ́ọ̀tì ló ń dá oníbàárà mìíràn lóhùn. Ìyẹn nìkan kọ́. Iléeṣẹ́ tó ṣe é kò mọ̀ bóyá olùkọ́ tó ń dá gun alùpùpù lọ síléèwé ni yóò rà á, tàbí àgbẹ̀ Bùnú tí yóò di àpò gààrí sẹ́yìn rẹ̀. Ààrin méjì ni wọ́n fi í sí. Ó jẹ́ tuntun lóòótọ́, àmọ́ kò tíì jẹ́ tiyín.

Iṣẹ́ wà níbẹ̀, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀gá mẹkáníìkì nìkan. Ẹni tó bá ní sípánà díẹ̀, géèjì táyà, rúlà àti àkísà lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní àgbàlá ilé rẹ̀. Alùpùpù 100cc sí 150cc tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, irú Bajaj Boxer àti TVS, ni mo ń bá wí. Tí ohun tí mo kọ síbí bá yàtọ̀ sí ohun tó wà nínú ìwé kékeré tó bá alùpùpù yín wá, ti ìwé náà ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ẹ rí i pé ẹ gbà á, torí àwọn ọlọ́jà kan kì í rántí rẹ̀ títí wọn yóò fi fi di ẹ̀pà.

Níwájú ìsọ̀

Ẹ má tíì gùn ún. Ẹ gbé e sórí sítáńdì ńlá kó dúró ṣánṣán, kí ẹ wo ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, yálà lójú dígí tàbí lára ọ̀pá ìwọ̀n. Ó gbọ́dọ̀ wà láàárín àmì méjèèjì. Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ ọmọ ìsọ̀ kó fi sípánà kan àwọn nọ́ọ̀tì pàtàkì níṣojú yín: ti ọ̀pá táyà iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ìdè ọwọ́, àti ti apá bíréèkì.

"Bàbá, ó ti le o."

"Mo mọ̀, àbúrò. Ṣáà bá mi kàn án."

Kò ní bínú. Tó bá tiẹ̀ bínú, ẹ̀yin lẹ máa gùn ún sọ̀ kalẹ̀ látorí òkè, kì í ṣe òun.

Ẹ bi í nípa bátìrì pẹ̀lú. Bátìrì tí wọ́n ń bu ásíìdì sí ní láti sinmi, kí wọ́n sì gba iná sí i dáadáa kí wọ́n tó so ó mọ́ alùpùpù. Èyí tí wọ́n bu ásíìdì sí, tí wọ́n so mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀ torí pé oníbàárà ń kánjú, kì í pẹ́ kú.

Ní àgbàlá, kó tó di pé ẹ gbé e jáde

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù ni rìmù. Bó bá jẹ́ rìmù onísípókì ni, ẹ gbé alùpùpù sórí sítáńdì ńlá, kí ẹ mú sípánà kékeré, kí ẹ máa fi í lu sípókì níkọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń yí táyà. Èyí tó le dáadáa á dún tín-ín. Èyí tó dẹ̀ á dún tọ̀, ohùn rẹ̀ á kú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ẹfun sàmì sí gbogbo èyí tó bá dún tọ̀. Tí wọn ò bá ju ẹyọ kan tàbí méjì lọ, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sípókì yí wọn díẹ̀díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin àyíká lẹ́ẹ̀kan, títí ohùn wọn yóò fi bá ti àwọn aládùúgbò wọn mu. Tí wọ́n bá pọ̀, tàbí tí rìmù bá ń mì lọ mì bọ̀ nígbà tí ẹ bá fi ìka kan dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ ń yí i, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọ rìmù ún tò. Ẹ tún lù wọ́n wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lórí ọ̀nà, torí sípókì tuntun máa ń dẹ̀ bó ṣe ń jókòó sí àyè rẹ̀, ọ̀nà yangí wa kò sì ní jẹ́ kó pẹ́.

Lẹ́yìn náà, ọrùn ọwọ́. Kí ẹnìkan tẹ ẹ̀yìn alùpùpù mọ́lẹ̀ kí táyà iwájú gbéra. Ẹ di ẹsẹ̀ iwájú mú nísàlẹ̀, kí ẹ fà á síwájú, kí ẹ tì í sẹ́yìn. Bó bá kọ́ yín lọ́wọ́ kọ̀-kọ̀, bọ́ọ̀lù ọrùn dẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá yí ọwọ́ lọ sọ́tùn-ún lọ sósì: ó yẹ kó máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́ láìdúró níbì kankan. Tó bá ń dúró, wọ́n ti de nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù, alùpùpù yóò sì máa rìn bí ọ̀mùtí tí iyára rẹ̀ bá kéré.

Kébù kílọ́ọ̀ṣì àti ti ọwọ́ epo kò gba àkókò. Ẹ rí i pé kílọ́ọ̀ṣì ní àyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà, àti pé ọwọ́ epo ń padà fúnra rẹ̀ tí ẹ bá fi í sílẹ̀, kódà tí ẹ bá yí ọwọ́ dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo sí i nígbà tí ẹ yí ọwọ́, ibi tí kébù gbà kò tọ́.

Ṣéènì, ṣọ́ọ̀kì àti táyà: ẹrù yín ni kí ẹ fi wọ̀n wọ́n

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á tún ṣéènì ṣe lórí sítáńdì, á rí rẹ́gí, wọ́n á wá gbé ìyá àgbà kan àti apẹ̀rẹ̀ iṣu rẹ̀, ṣéènì á le gírígírí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí ẹ̀yìn bá ṣe ń rì, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pá táyà ẹ̀yìn ń jìnnà díẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì, títí wọn yóò fi wà lórí ìlà kan náà. Ṣéènì tí kò ní àyè nígbà yẹn yóò máa fa bẹ́árìnì, yóò sì jẹ eyín ara rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìwé alùpùpù kéékèèké fi àyè ṣéènì sí nǹkan bíi 20 sí 30 mílímítà ní àárín ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bó bá wà nínú ilé irin, rọ́bà kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí ẹ máa yọ láti fi ìka kàn án. Ẹ tò ó síbẹ̀ lórí sítáńdì. Nígbà tí ẹ bá ń ti táyà sẹ́yìn, ẹ ka àmì tó wà lára apá ẹ̀yìn lọ́tùn-ún àti lósì, kí iye rẹ̀ dọ́gba. Ẹ dè é, kí ẹ wá jẹ́ kí ẹni méjì jókòó lé e, kí ẹ tún fi ìka kàn án. Àyè díẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Tí kò bá sí, ẹ dẹ̀ ẹ́ sí i. Ẹ má sì gbàgbé bíréèkì ẹ̀yìn: bí táyà bá ti sún, ọ̀pá bíréèkì ti yí padà nìyẹn, ẹ ní láti tún nọ́ọ̀tì rẹ̀ tò.

Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ní òrùka onípele nísàlẹ̀ tàbí lókè sípíríìnì. Bí ẹ bá yí i gòkè, sípíríìnì á le. Bí ẹ bá yí i sọ̀ kalẹ̀, á rọ̀. Méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ipele kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, alùpùpù á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó ń dá gùn ún lè fi í sí ipele kìíní tàbí ìkejì. Ẹni tó ń gbé èrò tàbí káṣú láti oko gbọ́dọ̀ gòkè sí i.

Kí ẹ má baà máa fojú wọn ẹrù, ẹ lo àpò sìmẹ́ńtì. A kì í wá a jìnnà lọ́dọ̀ wa, àpò kan sì jẹ́ 50 kílò. Ẹ kọ́kọ́ fi rúlà wọn gíga láti ọ̀pá táyà ẹ̀yìn dé ibì kan tí ẹ sàmì sí nísàlẹ̀ àga, nígbà tí alùpùpù wà lófìfo. Ẹ di àpò kan mọ́ àga ẹ̀yìn, kí awakọ̀ jókòó, kí ẹnìkejì tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ni ìrìsílẹ̀ rẹ̀. Tó bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo àyè tí ṣọ́ọ̀kì ní láti rìn, ẹ gòkè ní ipele kan, kí ẹ tún un wọ̀n. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àyè yẹn ló tó. Tí kò bá rì rárá, ó ti le jù fún yín, ẹ̀yìn yín ni yóò sì máa gba gbogbo ihò tó wà lọ́nà.

Fún afẹ́fẹ́ táyà, iye tó wọ́pọ̀ fún irú alùpùpù yìí ni 25 psi níwájú, 28 lẹ́yìn fún ẹni kan, àti 32 lẹ́yìn bí ẹni méjì bá wà lórí rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Mo mọ ohun tí àwọn fọ́gánáísà kan máa ń ṣe: wọ́n á fi ìka lu táyà, wọ́n á ní ó ti tó. Géèjì tiyín kò wọ́n. Àwọn míì á tún sọ pé kí ẹ dín in kù gan-an nígbà òjò kó lè di ẹrẹ̀ mú. Ẹ lè dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n táyà tó ní túùbù kò fẹ́ àṣejù níbẹ̀: tó bá rọ̀ jù, táyà á yí lórí rìmù, á fa ọrùn túùbù já.

Ọ̀nà ìdánwò

Ẹ yan ọ̀nà kan ṣoṣo, kí ẹ sì máa lò ó nígbà gbogbo. Kó má gùn jù, bíi kìlómítà mẹ́ta sí márùn-ún, kó ní títì ọlọ́dà díẹ̀, yangí díẹ̀, òkè kan, àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan. Ẹni tó wà ní Kàbà lè wá a sí ìhà Ògìdì, níbi tí àpáta àti òkè kò ti wọ́n. Ẹni Bùnú kò ní láti wá a rárá. Ojú ọ̀nà Kàbà sí Ọbájánà ni kí ẹ má fi ṣe é. Tírélà sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ kò ní dúró de ẹni tó ń tẹ́tí sí ṣọ́ọ̀kì. Ẹ wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rántí pé ara táyà tuntun máa ń dán, ó sì ń yọ̀. Ní ọgọ́rùn-ún kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ rọra yà ní kọ́nà, àgàgà tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà lórí ọ̀dà.

Ẹ kọ́kọ́ gùn ún lófìfo, kí ẹ tó di sìmẹ́ńtì yẹn mọ́ ọn. Ohun kan ni kí ẹ máa pa dà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì padà gun ọ̀nà kan náà ní iyára kan náà. Ẹni tó bá pa afẹ́fẹ́ táyà, ṣọ́ọ̀kì àti ṣéènì dà pọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò ní mọ èwo ló ṣe é láǹfààní. Ẹ ní ìwé kékeré kan lápò, kí ẹ máa kọ ipele ṣọ́ọ̀kì àti iye afẹ́fẹ́ sí i.

Ohun tí ẹ ó máa tẹ́tí sí nìyí. Lórí ọ̀dà tó tẹ́jú, ẹ dẹ ọwọ́ díẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ o. Bí alùpùpù bá ń fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ padà lọ wo àmì ọ̀pá táyà ẹ̀yìn, torí ó ṣeé ṣe kí táyà ẹ̀yìn má dojú kọ ibi tí ti iwájú kọjú sí. Lórí yangí tó ti di gbẹ́kẹ̀gbẹ̀kẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ń fò tí kò sì ń fọwọ́ kan ilẹ̀, afẹ́fẹ́ pọ̀ jù tàbí ṣọ́ọ̀kì le jù. Afẹ́fẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Bí ẹ bá gbọ́ "gbàà" nísàlẹ̀ nígbà tí ẹ bọ́ sínú ihò pẹ̀lú ẹrù, ṣọ́ọ̀kì ti rìn dópin; ẹ gòkè ní ipele kan. Bí ọwọ́ bá ń gbọ̀n lẹ́yìn gbogbo ihò, ọrùn ọwọ́ ni kí ẹ padà sí, lẹ́yìn náà táyà iwájú.

Lórí òkè, bí ẹsẹ̀ iwájú bá fúyẹ́ débi pé ọwọ́ ò gbọ́ràn mọ́, kì í ṣe alùpùpù ló jẹ̀bi: ẹrù ti wà lẹ́yìn jù. Ẹ gbé e súnmọ́ ẹ̀yìn yín, kí ó má kọjá ọ̀pá táyà ẹ̀yìn. Ẹ tún wo iná iwájú lálẹ́. Ẹ̀yìn tó rì ń gbé iná lọ sójú ọ̀run, àwọn tó ń bọ̀ níwájú á sì máa bú yín láìsí ẹ̀bi tiwọn.

Sísọ̀ kalẹ̀

Àwọn ọlọ́kadà wa fẹ́ràn láti fi í sí fúrì bí wọ́n bá ti dé orí òkè, kí epo má baà jó. Epo tí wọ́n ń rí níbẹ̀ kéré, bíréèkì tí wọ́n ń jó sì pọ̀. Bíréèkì onílù máa ń gbóná tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ láìdẹ́kun. Bó bá gbóná jù, bàtà rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń há mọ́ ìlù nínú, kì í di ìlù mú mọ́ bó ṣe yẹ, ẹ ó kàn máa tẹ ẹsẹ̀ lásán ni. Jíà tí ẹ fi gòkè ni kí ẹ fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì fa alùpùpù sẹ́yìn, kí ẹ máa tẹ bíréèkì méjèèjì ní tẹ̀-fi-sílẹ̀.

Bíréèkì tuntun tún nílò kí wọ́n kọ́ ọ. Bàtà rẹ̀ kò tíì kan ìlù yíká. Lórí ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò sí ọkọ̀ lẹ́yìn yín, ẹ sáré dé 40 kìlómítà ní wákàtí, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi wá sí bíi 10, ẹ jẹ́ kó tutù bí ẹ ṣe ń lọ, kí ẹ tún un ṣe. Ẹ óò mọ̀ nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dì dáadáa. Ibi tí ẹsẹ̀ bíréèkì ń rìn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì máa ń wà ní bíi 20 sí 30 mílímítà. Táyà sì gbọ́dọ̀ yí fàlàlà tí ẹ bá fi í sílẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì

Ní 500 kìlómítà àkọ́kọ́, ẹ má yí ọwọ́ epo dópin, ẹ má sì dúró lórí iyára kan ṣoṣo fún ìgbà pípẹ́. Àwọn òrùka písítìnì ń jókòó mọ́ ara sìlíńdà lásìkò yìí. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé kíkó ẹ́ńjìnnì níṣẹ̀ẹ́ lórí òkè ní jíà kẹrin burú tó sísá eré. Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tó ń ké kúù-kúù, ẹ já a sí jíà tó kéré. Mo mọ̀ pé ẹni tó gbà á sanwó díẹ̀díẹ̀ kò lè gbé e pamọ́ sílé. Kó máa gbé ẹnìkan ṣoṣo nígbà náà, ọ̀nà kúkúrú, kó fi ẹrù iṣu sílẹ̀ fún oṣù tó ń bọ̀.

Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ní kí a da ọ́ìlì àkọ́kọ́ nù láàárín 500 sí 1,000 kìlómítà. Ẹ dà á sínú abọ́ funfun, kí ẹ gbé e sí oòrùn. Lẹ́búlẹ́bú irin tó ń dán ni ẹ ó rí, kò sì burú nígbà àkọ́kọ́; èérún irin tí ìka lè ṣà ni kí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ọ́ìlì 20W-50 tí wọ́n kọ JASO MA, àmì ọ́ìlì alùpùpù, sí lára ni kí ẹ rà. Kílọ́ọ̀ṣì alùpùpù wa inú ọ́ìlì ló wà, àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan sì ní ohun tó ń mú kó máa yọ̀.

Bí mẹkáníìkì bá sọ pé òkè wa ga, kó ṣí kabúrétọ̀ kó pa jẹ́ẹ̀tì, ihò kékeré tí epo ń gbà, dà, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ. Ọ̀nà wa kò ga dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ni kí ẹ yọ lẹ́yìn ìrìn àjò: bó bá ní àwọ̀ ilẹ̀, ó dára, bó bá dúdú tó sì ní èédú gbígbẹ, epo pọ̀ jù tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí, bó bá funfun, epo kò tó. Nígbà ọyẹ́, eruku ni yóò kọ́kọ́ dí fílítà yẹn, ẹ máa ṣí i wò.

Bí kò bá ṣì lè gòkè

Bí gbogbo èyí bá ti parí, tí ẹ ti kọjá 1,000 kìlómítà, tó sì jẹ́ pé òkè oko yín ṣì ń mú un wálẹ̀ sí jíà kìíní, ẹ lè pa rìmù eléyín iwájú tí ṣéènì ń gùn dà. Bí tiyín bá ní eyín 14, eyín 13 yóò fi nǹkan bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún kún agbára rẹ̀ lórí òkè. Ohun tí ẹ ó san ni pé eré rẹ̀ á dín kù ní ìwọ̀n yẹn, epo á sì jó díẹ̀ sí i lórí títì. Ẹni tó ń ná Kàbà sí Lọ́kọ́jà lójoojúmọ́ kó fi 14 sílẹ̀. Ẹni tó ń gbé kòkó sọ̀ kalẹ̀ látinú oko Ìjùmú kó fi 13 sí i. Ìka iyára kì í yí padà, torí táyà iwájú ló ń darí rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ irú alùpùpù wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ṣéènì á dẹ̀ lẹ́yìn pàṣípààrọ̀ náà: ẹ ti táyà ẹ̀yìn sẹ́yìn, ẹ ka àmì ọ̀tún àti òsì, ẹ tún ọ̀pá bíréèkì tò, kí ẹ tó di ẹrù kankan lé e.